Orí Bàbá Mi Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ tí bàbá mi ṣubú lórí alùpùpù ní ọ̀nà Adakplamè ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ní Kétu ni. Àwọn ará oko fẹ́ gbé wọn sórí alùpùpù mìíràn, láàárín ènìyàn méjì, bí a ti máa ń ṣe. Mo di orí wọn mú, mo kígbe pé, "Ẹ má gbé wọn! Ọrùn wọn lè ti ṣẹ́."

Bàbá ń sunkún: "Ọmọ mi, gbé mi dìde."

N kò gbà, títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé.

Ọrùn náà ti sán lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lónìí. Orí ọmọlangidi ni àwọn olùkọ́ fi kọ́ wa. Ọmọlangidi kì í bẹ̀bẹ̀.