Àga Ọmọ Mi Tí Wọ́n Yí Padà

Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ ló ń ti ara àga náà jáde lọ́jọ́ tí mo rà á lọ́wọ́ oníṣòwò tòkunbọ̀ kan ní Ìkòròdú. Kaa-síìtì ọmọ ni, irú èyí tó ṣeé yí: bí ọmọ bá ṣì kéré, á kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀, bó bá dàgbà díẹ̀, a ó yí i kó máa wo iwájú. Mo fa àwọn okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro mí. Mo wo gbogbo ara rẹ̀ bóyá ó ti sán níbì kan, oníṣòwò náà sì ń wò mí bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe.

Ọmọbìnrin mi kò tíì pé ọdún kan nígbà yẹn. Nọ́ọ̀sì tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ti sọ fún mi, níṣojú ọkọ mi, pé ọrùn ọmọ kékeré kò tíì gbó. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, àga tó kọjú sẹ́yìn ló máa gba orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ó yé mi, mo sì rò pé ohun tó bá ti yé mi ti yé gbogbo ayé. Ìyàwó tuntun láti Ọ̀ṣun ni mí, mo gbà pé bí mo bá ṣáà kúnlẹ̀ kí n tó ṣàlàyé, ìyá ọkọ mi á gbọ́.

Màmá kò gbọ́. Ejìnrìn ni wọ́n ń gbé, a sì máa ń lọ kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ọmọ nínú àga, ṣe ni wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní àràárọ̀ làwọn ń gbàdúrà pé kí ọmọ náà máa tẹ̀ síwájú, èmi wá lọ ra ohun tó ń gbé e rìn sẹ́yìn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo wà nínú ilé, mò ń di ẹja tí wọ́n fún wa, nígbà tí Màmá ní kí ọkọ mi yí àga náà. Ó yí i. Màmá fúnra wọn ló gbé ọmọ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo jáde tí mo ní kó dá a padà, Màmá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, gbogbo ará ilé sì ń wò wá.

“Ibi tí ẹ̀ ń lọ ni ọmọ mi máa wò,” ni Màmá wí. “Bí o bá máa yí i, gbé e sílẹ̀ fún mi kí ẹ máa lọ.”

Ọkọ mi kò wo ojú mi. “Jọ̀ọ́, wọlé ká máa lọ. Mo ti dè é dáadáa.”

Mo jókòó síwájú. A kò tíì kọjá Agbọ̀wà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi já sí wa níwájú. Ọkọ mi tẹ bíréèkì, àga náà sì dojú dé tòun tọmọ, ó kọ lu ẹ̀yìn ìjókòó mi. Nígbà tí mo gbé ọmọ mi, kò lè gbé apá rẹ̀ kan sókè. Bẹ́líìtì ọkọ̀ tó yẹ kó de àga mọ́lẹ̀ ṣì wà ní àyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà á.

Eegun èjìká ló ṣẹ́. Báńdéèjì ṣì wà lára ọmọ nígbà tí Màmá kó àwọn ẹgbẹ́ wọn wá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló rán ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, Ọlọ́run sì ti dójú tì wọ́n. Ọkọ mi náà jó. Èmi kò jó, nítorí n kò rí ọ̀tá kankan.

Eegun náà ti jinná. Ọmọ náà ti ń lọ síléèwé, àbúrò rẹ̀ ló wà nínú àga báyìí, ó kọjú sẹ́yìn, èmi ni mo sì ń dè é. Inú mi ti rọ̀ díẹ̀ sí Màmá; wọn kò mọ ewu tó wà níbẹ̀, ìfẹ́ ọmọ ló sì mú wọn ṣe é. Ọkọ mi mọ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan ìdí tó fi ní òun ti dè é. Ó ní bí òun bá tún ń wá ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, Màmá á rò pé òun fẹ́ yí i padà, inú á sì bí wọn. Nínú gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ìbínú ìyá rẹ̀ nìkan ló bà á lẹ́rù.