Bí Mo Ṣe Mú Ṣadé Wálé láti Ìdí-Àràbà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo wọkọ̀ Èkó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà ni mí, n kì í sábà rìnrìn àjò. Lẹ́tà àbúrò mi, Dèjì, tó ń ṣe káfíńtà ní Múṣin, ló lé mi jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣadé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni mọ́tò gbá nígbà tó ń sọdá lọ sílé ìwé. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọsibítù Ìdí-Àràbà ní kó máa lọ sílé. Dèjì kọ ọ́ pé: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú un lọ sọ́dọ̀ Màmá. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè máa gbé e."

Ọ̀sán ni mo sọ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Búrẹ́dì tí à ń rà ní àádọ́ta kọ́bọ̀ nílé, náírà kan ni níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá kan tó ń ta ọsàn. N kò tíì béèrè ọ̀nà Múṣin tán tó ti nawọ́: "Ibẹ̀ yẹn ni. Ẹ máa lọ, kí oòrùn tó mú." Nílé, a ó ti béèrè ọmọ àti ọkọ ká tó débẹ̀.

Mo sùn sílé Dèjì. Ní àárọ̀, òun lọ síbi iṣẹ́, èmi gba Ìdí-Àràbà lọ. Mo ti múra ẹkún sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo bá ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ṣadé jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kọ́ àwọn tó kù ní ìṣirò.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ mú kaṣú wá?"

Ó ṣàlàyé tìráṣọ̀n fún mi bíi dókítà: wọ́n á so ohun tó wúwo mọ́ ẹsẹ̀, yóò máa fa egungun títí yóò fi jinná. Nígbà tó kan Bísí, ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Orí ni Bísí fi gbá títì. Ó ń lajú, ṣùgbọ́n kò tíì dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Àràárọ̀ ni ìyá náà ń ki oríkì rẹ̀ sí i létí.

Dókítà kò fi nǹkan pamọ́ fún mi. "Ẹsẹ̀ kan á fi díẹ̀ kúrú ju èkejì lọ, Mà. Yóò máa tiro, ṣùgbọ́n yóò rìn, yóò sì sáré."

Nọ́ọ̀sì kan sìn wá dé ẹnu géètì. Ọkọ̀ wa wà ní òdìkejì títì. Ṣadé dúró, ó gbára lé ọ̀pá tó fi ń rìn.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká padà."

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n pọ̀n ọ́n. Ó kọ̀. "Tí ẹ bá pọ̀n mí, mọ́tò á gbá àwa méjèèjì."

Nọ́ọ̀sì bọ́ sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Bàbá awakọ̀ kan yọrí: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti di yẹ́lófívà ni?" Orúkọ tí ará Èkó ń pe àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní oríta nìyẹn.

"Ọmọ yìí ń sọdá. Ẹ dúró."

Bàbá náà wo ọ̀pá Ṣadé, ó pa íńjìnnì. Ṣadé rọra ń rìn, èmi ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé àárín, ó dúró kí bàbá náà: "Ẹ ṣé, sà."

"Rọra, ìyàwó mi."

Ọ̀rọ̀ ni Ṣadé ń sọ títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́ nírọ̀lẹ́. Màmá rí i bó ṣe ń tiro, ó fẹ́ bú sẹ́kún. Ṣadé ní, "Màmá, wọ́n ní n ó sáré. Kí lẹ sè?"

Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n wo ọ̀tún, kí wọ́n wo òsì, kí wọ́n tó sọdá. N kò tíì kọ́ awakọ̀ kankan rí. Ní ọjọ́ Ajé, mo bọ́ sójú títì Ìlọrin níwájú ilé ìwé wa, mo na ọwọ́. Tírélà tó kó màlúù ló kọ́kọ́ dúró.