Ilé Àna Mi ní Fukuṣíma

Etí yẹ̀rì ilé-ìwé kan ni mò ń ṣẹ́ lórí máṣìn mi ní Bẹẹrẹ nígbà tí Sìdí, ọmọ mi, pè láti Jàpáànù.

"Màámi, àna yín ní kí ẹ wá sin àwọn lọ wo ilé àwọn."

Àna mi ni ìyá Kenji, ọkọ Sìdí. Opó ni, opó ni èmi náà. Láti ìgbà ìgbéyàwó la ti ń kí ara wa lórí fóònù. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀, a ó sáà máa rẹ́rìn-ín. Ilé tó ń sọ yìí wà ní Fukuṣíma, nítòsí ibi tí omi òkun ti ya lu ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì, tí ìtànṣán olóró fi tú jáde, tí ìjọba sì kó àwọn ará ìlú kúrò. Ìjọba ti wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ padà sí àdúgbò tirẹ̀ máa bọ̀. Ẹni tí kò bá padà, wọn yóò bá a wó ilé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kenji fẹ́ kí wọ́n wó o. Ìyá rẹ̀ kò tíì dáhùn.

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà ní Ọjà'ba tí mo fi wọ mọ́tò lọ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Bàlúù bà ní Adis Ababa, mo wọ òmíràn níbẹ̀, ó sì fò títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Sìdí pàdé mi ní Tókíyò, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àríwá. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ sókè nínú rẹ̀. Mo jẹ onigiri, ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ dì tí wọ́n sì fi ewé inú òkun wé. Iyọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ tó ra ìrẹsì ẹlẹ́ran abọ́ kan ní Bẹẹrẹ.

Kenji àti ìyá rẹ̀ fi mọ́tò wá gbé wa. Títì náà dán, kò ní kòtò kan. Iná tó ń darí ọkọ̀ pọ́n, Kenji sì dúró, bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́tò níwájú, kò sí lẹ́yìn.

"Ta lò ń dúró dè?" mo bi í.

"Màámi, ẹ fi í sílẹ̀," ni Sìdí wí. "Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn."

A kọjá ilé epo kan tí igi ti hù gba òrùlé rẹ̀ jáde. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ìkòkò ṣì tò lórí pẹpẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti tú gbogbo pápá ilé-ìwé. Ní Bẹyẹrúnká, ládùúgbò wa nílé, bí ògiri alámọ̀ bá wó lápá kan, ènìyàn àti ewúrẹ́ yóò ṣì wà ní apá kejì. Níbí, ògiri dúró, kò sí ohun abẹ̀mí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́bàá títì, ẹ̀rọ kan ń fi bí ìtànṣán ṣe pọ̀ tó hàn. Sìdí wò ó, ó ní ó ti rẹlẹ̀, kí n fọkàn balẹ̀. Àna mi kò wo ìta rárá.

Nígbà tí a dé ilé náà, Kenji fún wa ní ìbòmú àti ọ̀rá tí a ó so bo bàtà. Ó ní eku ti gba inú ilé, gíláàsì fọ́ sílẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bọ́ bàtà. Gbogbo ẹni tó ti ń wá wo ilé náà, bàtà ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́.

Ẹnu ọ̀nà wọn ní ibì kan tó rẹlẹ̀ díẹ̀, genkan ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó gòkè sínú ilé. Nínú agbo ilé wa náà, a kì í fi bàtà tẹ pálọ̀ tí a ti ń kírun. Mo rí àyè bàtà, ẹsẹ̀ mi sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí n tó rántí ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi, mo ti gorí pákó láìwọ bàtà, mo ti ń kí ilé náà: "Àsàlámù àlékúmù."

"Màmá, bàtà," ni Kenji wí. Yorùbá rẹ̀ kò ju báyìí lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, bàtà. Eku."

Ìyá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wá jókòó, ó tú ọ̀rá rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó yí i kí iwájú rẹ̀ kọ síta, ó sì yí tèmi náà bẹ́ẹ̀. Ó gòkè wá bá mi, ó ní, "Tadaima." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "mo ti dé," ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá wọ ilé wọn. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀, tó sì sọ̀rọ̀ kíá kíá. Sìdí fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ta ló kọ́ ọ pé kó máa fi bàtà dúró nínú ilé àwọn. Wọ́n ní ṣé ààtàn ló rí ni."

Kenji, ọkùnrin gàgàrà, bọ́ bàtà rẹ̀.

A gbálẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Eku ti jẹ tatami, ẹní koríko tí wọ́n fi ń tẹ́ ilé, à ń ká a, à ń kó o síta. Àna mi ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí a parí, ó dúró níwájú Kenji.

"Wọ́n ní àwọn ti gbàlejò nínú rẹ̀ lónìí," Sìdí túmọ̀ fún mi. "Ẹnikẹ́ni ò ní wó o."

Kenji bèèrè ẹni tí yóò máa gbé oúnjẹ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá rẹ̀ ní, "Ìwọ tó o ní mọ́tò ńkọ́?" Èmi tí n kì í sábà rẹ́rìn-ín sókè, mo rín in dé ìta.

Mo padà dé Ọjà'ba lọ́sàn-án, láàárín ariwo àwọn ọlọ́kadà. Mo ti rò pé ìtànṣán ni yóò bà mí lẹ́rù jù, àṣé ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni. Ohun tí mo kọ́ ni pé ilé tí ènìyàn kúrò nínú rẹ̀ ṣì lè jẹ́ ilé, bí ẹni tó ni ín kò bá wọ̀ ọ́ bí àjèjì.

Kò pẹ́ tí Sìdí tún fi pè.

"Màámi, iná ti dé ilé àna yín. Káfíńtà wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Wọ́n ní kí n bi yín, apá ibo lẹ fẹ́ kí fèrèsé yàrá yín kọjú sí?"