Ìjì Tí Mo Fi Yorùbá Ránṣẹ́ sí Kùtọnù

Mo ń ka nọ́ńbà ìjì sórí rédíò lọ́wọ́ nígbà tí sájẹ́ǹtì tí wọ́n fi ṣọ́ wa ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́ n'Íkẹjà gba ẹ̀rọ tí mo ń sọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́ mi.

"Nọ́ńbà kí nìyẹn?"

"Ojú ọjọ́ ni, sà. Ìjì ń bọ̀."

Ó wo ìta. Oòrùn ń ràn. "Ìjì dà?"

N kò dá a lẹ́bi. Ayé ológun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn kan fẹ́ gbàjọba, ẹni tó bá ti di rédíò mú ti di afurasí. Iṣẹ́ wa sì jọ iṣẹ́ amí lóòótọ́. Afẹ́fẹ́, òjò, ìkùukùu, gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà tiwọn, kí elédè Faransé àti elédè Gẹ̀ẹ́sì lè jọ gbọ́ra yé. Tẹlifóònù wa ti kú. Láti ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ owó di ọ̀wọ́n, ti dé, kò sẹ́ni tó rówó tún un ṣe.

Àtàná la ti ń tẹ̀lé ìjì náà láti Jọ́ọ̀sì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Àkúrẹ́ ní ó ti ń ṣí òrùlé. Oṣù Kẹsàn-án ni irú wọn máa ń gba orí wa kọjá sórí òkun, tí òmíràn á sì dàgbà níbẹ̀ títí á fi máa wó ìlú lódìkejì omi. Èéfín iléeṣẹ́ apá Ọ̀rẹ́gùn nàró bí òpó. Ìdákẹ́jẹ́ afẹ́fẹ́ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kùtọnù ló kàn lẹ́yìn wa, àwọn apẹja wọn sì ti wọ òkun.

Bàbá Bánjọ, ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, bọ́ síwájú. "Sájẹ́ǹtì, ará ibo ni yín?"

"Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ẹ jẹ́ ó fi Yorùbá sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tí kò yé yín, ẹ pa rédíò náà."

"Ta ló gbọ́ Yorùbá ní Kùtọnù?"

"Ọmọ Kétu ti ìhà ọ̀dọ̀ wọn kan, Ìdòwú, ló ń dáhùn rédíò wọn," ni mo wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"A máa ń kíra láàárọ̀, sà."

Ó dá ẹ̀rọ náà padà fún mi, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa rédíò.

"Ìdòwú, ìjì ńlá ń bọ̀ láti ìlà oòrùn. Ẹ pe àwọn apẹja wálé."

Ìdòwú bi mí léèrè: "Kí ló dé tí kò sí nọ́ńbà? Ṣé Àǹtí Ìyábọ̀ náà ni? Ọmọ yín tí ara rẹ̀ ò yá ńkọ́, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Bọ́sẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń mókun."

"Ó dáa. Mò ń lọ pè wọ́n."

Sájẹ́ǹtì tẹjú mọ́ mi. "Ta ni Bọ́sẹ̀?"

"Ọmọ mi ni, sà."

Kò tíì pinnu bóyá kó gbà mí gbọ́ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú láti ìhà Onígbòǹgbò, tó dúdú bí ògiri ilé ìdáná. Ìjì náà ká páànù ilé ìkẹ́rùsí kan, ó ń fọ́n wọn ká bí ewé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fi èjìká ti ilẹ̀kùn kó má baà ṣí, sájẹ́ǹtì wà láàárín, ó ń gbàdúrà.

Nírọ̀lẹ́, Ìdòwú pè wá lórí rédíò. Àwọn apẹja ti dé, àfi ọkọ̀ kan. Wọ́n ké sí àwọn tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ní oòrùn ń ràn, irọ́ ni.

Sájẹ́ǹtì bọ́ fìlà rẹ̀. "Wọn ò rí wọn?"

"Wọn ò rí wọn, sà."

Títí wọ́n fi gbé e lọ síbòmíràn, bí mo bá ti fẹ́ ka nọ́ńbà, á ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Bóyá ó ṣì ń fura sí mi ni, bóyá ojú ọ̀run ló ń fura sí, n kò bi í. Mo máa ń sọ ọ́ fún un, á sì jáde lọ wòkè.