Àjàní Tó Ń Sọ Ère Tuntun Di Arúgbó

Lásísì Àjàní, ọmọ Òpómúléró, mọ́jà àlẹ́kàn, ọmọ òpó tí ń gbé ilé ró tí ilé kì í fi wó, Àjàní ọkọ mi, bàbá Mulikátù, bàbá Táíwò, bàbá Kẹ́hìndé: òpùrọ́ ni. Mo tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́, nítorí èmi ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kò tún sí ẹni tí mo lè pè ní òpùrọ́ báyìí tí yóò rẹ́rìn-ín sí mi.

Ọdún kejì tí ogun abẹ́lé parí la pàdé ní Ajégúnlẹ̀. Bàbá mi, Sálíù Káfíńtà, ló ń kan àpótí ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ó sì ti búra pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Àjàní ní kìláàkì lòun ní wọ́ọ̀fù. Ṣáàtì funfun ló ń wọ̀ wá sílé wa, pẹ̀lú bírò mẹ́ta lápò àyà, tí kò sí èyí tó ń kọ nínú wọn. Bàbá mi fẹ́ràn àwọn bírò yẹn. Wọ́ọ̀fù fẹ̀, kìláàkì pọ̀ níbẹ̀ bí eèrà, bàbá mi kò wá a lọ síbi kankan. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Ère ni Àjàní ń gbẹ́, tó ń tà fún àwọn atukọ̀ òyìnbó lẹ́nu géètì, pé ohun tí ọba kan fi sílẹ̀ fún ọba kan ni. Èyí tó gbẹ́ lọ́jọ́ Ajé á ti pé igba ọdún kí oṣù tó parí. Èmi ni mo sì ń bá a fi èéfín sọ wọ́n di dúdú, lórí ààrò ìyá mi. Mo ń sọ fún ará ilé pé ọmọláńgidi àwọn àbúrò mi ni. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, ẹ forí jì mí.

Bàbá Jíbólà, onílé wa, nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo àdúgbò. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, pálọ̀ rẹ̀ là ń kún sí. Ẹni tí kò ríbi jókòó á na ọrùn lójú fèrèsé. Ní Sátidé kan, bàbá mi pe Àjàní pé kó wá bá òun wòran, pé lẹ́yìn eré àwọn yóò dá ọjọ́ ìdána. Inú mi dùn títí eré náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ló ń ta ayédèrú ohun àtijọ́ fún òyìnbó. Ó ń ṣẹ́jú, ó ń parọ́, ó ń fi pólíìṣì bàtà kun ère kó lè dúdú. Bàbá mi ń bú u bí ẹni pé ó ń gbọ́ láti inú àpótí yẹn. Ká ní Àjàní panu mọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó pòṣé.

"Wọ́n ba iṣẹ́ jẹ́," ló wí. "Ta ní ń fi pólíìṣì kun ère? Ṣé òyìnbó ò ní gbóòórùn rẹ̀ ni? Ẹrọ̀fọ̀ lẹ máa rì í mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá gbé e sórí ààrò. Tó bá yá, kí ikán tọ́ ọ wò díẹ̀. Díẹ̀ o."

Bàbá Jíbólà fúnra rẹ̀ dìde lọ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, kó lè gbọ́ tiwa dáadáa.

"Kìláàkì," ni bàbá mi wí, "ṣé ọ́fíìsì ni wọ́n ti kọ́ ẹ nìyẹn?" Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, lọ kó àwọn ọmọláńgidi orí ààrò ìyá ẹ wá."

Mo kó wọn wá. Káfíńtà ni bàbá mi. Ó yí ọ̀kan padà, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ta ló gbẹ́ ẹ. Àjàní ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láàárín ẹsẹ̀ àwọn òǹwòran, ó ní òun ni.

Bàbá mi gbé ère náà sókè sí i lójú. "O lè fọwọ́ ẹ ṣe báyìí," ló wí, "o wá ń fi bírò tàn mí jẹ?"

Ohun tó dùn ún nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ó ní bí Àjàní bá fẹ́ mi, kó máa tajà rẹ̀ lótìítọ́, kó sọ pé tuntun ni, pé òun ló gbẹ́ ẹ. Ó ní òun yóò wá dúró gbọ́ ọ. Irọ́ kan péré, kò ní rí mi fẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá mi dúró lẹ́nu géètì tòun ti òòlù lọ́wọ́. Mo tẹ̀ lé e, mo sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlẹ́pà kan. Atukọ̀ òyìnbó kan tó sanra, tí oòrùn ti pa lójú, gbé ère kan, ó bi Àjàní pé ọdún mélòó ni. Àjàní wo òòlù ọwọ́ bàbá mi. "Oga, na new one. Na me carve am last week."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́jú sí i. Ẹ rántí pé ìjọba ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun àtijọ́ kúrò nílùú. Ọkùnrin náà rò pé ẹ̀rù òfin ló ń ba Àjàní. Bí Àjàní ṣe ń búra tó pé tuntun ni, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá a lójú tó pé ti ayé ọjọ́un ni. Ó ra gbogbo rẹ̀, ó kó wọn sábẹ́ ṣáàtì, ó ń rìn lọ bí aláboyún.

Bàbá mi la ẹnu sílẹ̀. Nígbà tó rí mi lẹ́yìn ẹlẹ́pà, kò tilẹ̀ bá mi wí. "Sọ fún un kó wá ṣe ìdána," ló wí. "Ẹni tó ń wá ẹni tí yóò tan òun jẹ, òtítọ́ gan-an á tàn án jẹ."

Láti ìgbà náà, Àjàní kò parọ́ fún oníbàárà mọ́. Irọ́ tó kù, ilé ló ń kó o wá fún mi. Ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ mi kò pọ̀ jù. Ó ní mi ò tíì darúgbó. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù tó kọjá, ó di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn àìsàn, ó ní kò sí ibi tó ń dun òun, kí n lọ sùn. Mo gbà á gbọ́, mo lọ sùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ín, ní Amùkókò, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.