Ta Ni "Wọ́n"?

Bẹntiróòlù ta sí mi lọ́wọ́ lánàá níbi tí mo ti ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ọjà Mile 12, sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní kékeré mi tí èmi àti Mummy lọ ra tàtàṣé.

A ṣì ń nájà lọ́wọ́ nígbà tí ariwo sọ: "Olè! Olè!" Wọ́n ti gbá aláàárù kan mú, wọ́n ti fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Omi tòmátì jíjẹrà ń ṣàn lójú rẹ̀, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dé. Aláta tí à ń bá nájà fi òkúta lé Mummy lọ́wọ́, ó ní:

"Mummy, ẹ sọ tiyín náà!"

Mummy mi, tí kì í bá onílé wa jiyàn, ju òkúta sílẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó ti aláàárù náà nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Mummy wá bi àwọn èrò pé:

"Kí ló jí?"

"Wọ́n ní fóònù ni."

"Ta ni wọ́n?"

Èyí ń tọ́ka sí tọ̀hún, tọ̀hún ń tọ́ka sí òmíràn.

"Mo ní ta ni wọ́n? Ẹ pè wọ́n wá!"

Kò sẹ́ni tó jáde. Ọkùnrin yẹn rọra gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀.

Mummy bọ́ táyà kúrò lọ́rùn aláàárù náà, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, a sì gba ilé lọ.

Mo ti bímọ kí n tó gbọ́ pé nígbà tí Mummy wà lọ́mọge, Mummy fúnra wọn ti bá èrò sọ òkúta pa ẹnì kan rí, torí pé "wọ́n ní" olè ni.