Òkúta Ọjọ́ Jímọ̀

Òtútù ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe ìrora. Ẹsẹ̀ òsì mi tutù bí omi àmù. Mo bojú wò ó, òkúta ló wà lórí rẹ̀.

Lórí àpáta ẹ̀yìn abúlé wa, lẹ́bàá Ìlọrin, la ti ń sá ẹ̀lùbọ́ láti ayé ìyá ìyá wa. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, tí títì ń dé, àwọn tó ń fọ́ òkúta fi wáyà yí i ká, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gùn ún mọ́. A bá wọn jà, a ò borí. Àmọ́ wọn kì í fi iná yin àpáta lọ́jọ́ Jímọ̀, la bá ń gba abẹ́ wáyà lọ́jọ́ náà. A rò pé òkúta náà ń sinmi. Kò sinmi. Iná tí wọ́n yìn ní Àlàmísì ti mì ín, òjò ti fọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀; ó yí lé mi lẹ́sẹ̀.

Ìyáálé mi, Ìyá Àlímì, ló pọ̀n mí sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń bú mi: "Gbogbo ẹran tí o jí nínú ọbẹ̀ mi ló wúwo báyìí."

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní eegun dá, ó yọ síta; ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń gbà wọnú eegun. Kò pẹ́, ó ń rùn. Eegun ń kẹ̀: ọyún kún inú rẹ̀, ibà kò lọ. Lórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró, àwọn èèyàn ń sún kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi dé ẹnu ọ̀nà, ó bo imú, ó padà.

Dókítà ní kí a gé ẹsẹ̀ náà.

"Báwo ni n óo ṣe kúnlẹ̀ kírun, sà?"

"Ìyá, alààyè ló ń kírun."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbà láti kọ́kọ́ là á, kó yọ eegun tó ti kú. Ó là á, ó tún un là. Ìyá Àlímì ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń fọ aṣọ ọyún.

Ọgbẹ́ náà jiná. Ẹsẹ̀ kúrú, orúnkún gan. Ẹsẹ̀ tí mo tìtorí ìrun bẹ̀bẹ̀ fún, orí àpótí ni mo ń jókòó kírun títí dòní.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ń rí àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ru ẹ̀lùbọ́ gba abẹ́ wáyà. Mo ń kìlọ̀. "Jímọ̀ mà ni, Ìyá," ni wọ́n ń wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ yìí: ó ń gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Kì í gbé mi dé ibi tí n ó ti lè dì wọ́n mú.